Ìbéèrè Ọ̀gbẹ́ni Rudd

"Ìdajì wákàtí kẹ̀?"

"Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìgbà wo ni ọkùnrin yẹn lo ìdajì wákàtí péré nílé mi rí? Odindi àárọ̀ ló máa ń jókòó sí ilé ìdáná yìí."

"Ẹ̀yin náà lẹ máa ń fi kọfí kún ife rẹ̀."

"Ṣé kí n wá jẹ́ kí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ ni? Ìwọ ṣáà tẹ ohun tí mo bá sọ, Idella."

Idella fa kọ̀ǹpútà súnmọ́ra. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan tó máa ń ka àgùntàn àwọn àgbẹ̀ ló fẹ́ máa bá ìwádìí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò lè bi ará ìlú ní ìbéèrè kankan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ kéde rẹ̀ àti iye àkókò tí yóò gbà, kó sì gbọ́ bóyá ìbéèrè ọ̀hún máa ni wọ́n lára. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu lè sọ ọ́. Ní gbogbo apá òkè Vermont tí wọ́n ń gbé, kò sẹ́ni tó ń sọ nǹkan kan. Àwọn èèyàn kì í tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n kéde. Verna, ẹ̀gbọ́n Idella, náà kì bá tí mọ̀, bí kì í bá ṣe pé Emmett Rudd fúnra rẹ̀, ọkùnrin tó máa ń wá ka àgùntàn wọn, ló sọ fún un nígbà tó wá kẹ́yìn.

"Kọ ọ́ pé mi ò fẹ́ kí Emmett Rudd wá bi mí ní ìbéèrè nílé yìí mọ́," Verna ní. "Tẹlifóònù wà. Kí wọ́n máa pè mí."

"Ṣé kí n fi kún un pé ó rí yín fín?"

"Má parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ o! Kọ ọ́ pé ó máa ń pẹ́. Ìyẹn náà tó."

Idella kọ ọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn. Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, yóò kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ohio, kò sì fẹ́ fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ lóun nìkan. Láti ìgbà tí Walter, ọkọ Verna, ti kú, mọ́tò Rudd nìkan ló kù tó ń gun òkè náà wá bá wọn. Òótọ́ ni pé òun àti Verna máa ń jiyàn lórí gbogbo nǹkan, dórí iye ehín tó kù lẹ́nu àgbò. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń jiyàn sàn ju ilé tó dákẹ́ lọ. Bí Verna bá lé e, ta ni yóò kù?

Bí Verna ṣe jáde lọ fún àwọn àgùntàn ní koríko, Idella kọ tirẹ̀. Ó ní òṣìṣẹ́ bíi Ọ̀gbẹ́ni Rudd ò wọ́pọ̀, pé kí wọ́n má ṣe mú un kúrò lórí òkè yìí láéláé. Ó fi í ránṣẹ́, ó sì lọ fọ abọ́.

Nígbà tí ewé ìta bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, Rudd dé. Láti òwúrọ̀ ni Verna ti ń gbá ilẹ̀ ilé ìdáná. Ó yan páì èso ápù, ó wọ súwẹ́tà búlúù tí kì í wọ̀ lọ sọ́dọ̀ àgùntàn. Idella ronú pé ó fẹ́ fi ọ̀wọ̀ lé ọkùnrin náà lọ ni.

"Wọ́n ti gbọ́ o," Rudd sọ bó ṣe jókòó. "Ẹni tó bá wù ú lè fi tẹlifóònù dáhùn báyìí. Ọmọbìnrin kan ní ọ́fíìsì ni yóò máa pè yín, Ìyáàfin Verna."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Verna wí. Ó gé páì fún un. Èyí tó gé tóbi.

"Díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́ ṣá. Ẹnì kan láti orí òkè yìí náà ló ní kí wọ́n má mú mi kúrò láéláé. Ọ̀gá mi ní bóyá ìyá mi ló kọ ọ́."

Verna yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Idella! Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Àánú rẹ̀ ló ṣe mí! Ọ̀gbẹ́ni Rudd, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ẹ̀gbọ́n mi."

"Bínú kẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bẹ ọ̀gá mi pé kó gba ilé yìí lọ́wọ́ mi fún òṣìṣẹ́ mìíràn. Ó ní àfi bí onílé bá fẹjọ́ sùn."

Ọkàn Idella bàjẹ́. Ṣé ọ̀rọ̀ wọn ti sú ọkùnrin náà pàápàá ni? Ó wo Verna, ó rò pé yóò bínú, àmọ́ páì ni Verna tún ń gé. Rudd jẹ tirẹ̀ tán, ó fi ọwọ́ nu ẹnu, ó dìde, ó dé fìlà rẹ̀. Verna bá a mú kóòtù rẹ̀ wá. Rudd ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó bojú wẹ̀yìn.

"Òfin iṣẹ́ wa ò gbà kéèyàn fẹ́ ẹni tó ń bi ní ìbéèrè, Idella, ṣùgbọ́n láti àná ni mi ò ti bi ẹ̀gbọ́n yín ní nǹkankan mọ́, nítorí náà ẹ má tíì lọ sí Ohio o, ẹ̀yin lẹ máa dúró tì í níwájú pásítọ̀ ní Sátidé."