Kẹ́nẹ́lì Àtijọ́

Ojú kọ̀ǹpútà náà tún dúdú, ó ní òun ò rí díìsìkì òun. Ẹnjiníà náà mí kanlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ìyàwó rẹ̀ olóògbé ni.

Ramlah, ọmọ wọn, fa àga súnmọ́ ọn ní pálọ̀ wọn ní Bódìjà. "Dádì, kí lẹ yọ nínú kẹ́nẹ́lì yẹn?"

"Nǹkan tí a ò nílò."

Kẹ́nẹ́lì Línúùsì ni ọkàn tó ń jí ẹ̀rọ náà. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló tún un kọ́ láàárọ̀, bí ẹni tó ń ro koríko tó ṣèèṣì ro ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn.

"Ti àtijọ́ ṣì wà níbí," ni Ramlah wí. Ó yàn án lójú kọ̀ǹpútà, ó tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ jí.

"Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ yọ?"

Kí ó tó dáhùn, kọ̀ǹpútà fọhùn bó ti máa ń ṣe nírọ̀lẹ́, ohùn tí ìyàwó rẹ̀ gbà sínú rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀: "Bàbá Ramlah, Alásàrí ti tó o. Ẹ dìde."

Ramlah yíjú sí bàbá rẹ̀. "Ẹ ò bá kúkú yí ohùn ẹ̀ wálẹ̀, dípò kí ẹ fẹ́ yọ ọ́ kúrò."

"Mò ń yí i wálẹ̀. Ọwọ́ mi ló ń tún un yí sókè."

Ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó lọ bu omi àlùwàlá.