Kí Royce Lè Rí Èéfín

Ọjọ́ kẹfà rèé tí Alden Haugen ti wà nínú ahéré orí òkè Montana ní Amẹ́ríkà, nínú igbó ìjọba. Yàrá kan péré ni ahéré náà. Kò ní iná mànàmáná, kò ní omi ẹ̀rọ, ilé ìgbẹ́ rẹ̀ wà lọ́tọ̀ láàárín igi. Sítóòfù irin kan ló ń mú ilé gbóná. Ìjọba ló ń fi yá àwọn èèyàn, wọ́n sì kọ òfin sẹ́yìn ilẹ̀kùn pé ẹni tó bá ń lọ kó la igi sílẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀. Alden yá a fún ọ̀sẹ̀ kan, òun àti Royce, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, pé àwọn fẹ́ ṣọdẹ àgbọ̀nrín. Ní ọjọ́ kejì, Royce jáde, kò sì padà wálé.

Alden fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ lọ pe ọlọ́pàá. Òun náà ló rí fìlà ọmọ náà létí odò, bí ẹni pé odò ló gbé e lọ. Lyle Petrie, ọlọ́pàá tó ń darí ìwákiri, kó ogún èèyàn àti ajá mẹ́ta wá. Wọ́n tú etí odò títí ó fi sú wọn. Lánàá ni àwọn yòókù lọ sílé. Lyle nìkan ló kù, kò sì ṣetán àtilọ.

Rédíò ọwọ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ láàárọ̀ pé yìnyín yóò bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, yóò sì dé orúnkún. Jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ ni Royce wọ̀. Ẹni ọmọ sin ló bímọ, Alden sì mọ ohun tí òtútù òkè yẹn máa ń fi èèyàn ṣe. Bí ọmọ náà ò bá sọ̀ kalẹ̀ lónìí, ó parí. Ó dúró lójú fèrèsé, ó ń wo àpáta dúdú tó wà lókè pátápátá.

Ó bẹ Lyle títí pé kó máa lọ sílé. Ó ní ìyàwó Lyle ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ, ó ní ọ̀nà máa dí, ó ní wọ́n ti ṣe tó. Lyle kàn ń mi orí ni. Alden ló kọ́ ọ ní ẹja pípa nígbà tó wà ní kékeré, kò sì gbàgbé oore. Lyle ní ẹnu àwọn ará ìlú ò dákẹ́: wọ́n ní Royce sá ni, nítorí ẹjọ́ ọmọbìnrin tó fi ọkọ̀ gbá pa; ó ku ọ̀sẹ̀ kan kó lọ jẹ́jọ́ náà ní kóòtù.

"Ojú yín tí mo rí ni mo fi dá wọn lóhùn, bàbá," ó ní. "Ojú òpùrọ́ kọ́ nìyẹn."

Alden bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú sítóòfù. Ó dí ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú rẹ̀. "Igi ń tán. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa náà gbọ́dọ̀ bá igi nílẹ̀. Jẹ́ kí iná yìí rọlẹ̀."

Lyle rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún ihò náà ṣí. "Ẹni tó ń bọ̀ á la tiẹ̀. Bí ọmọ yín bá wà láàyè níbẹ̀ yẹn, kí ló máa fi mọ̀ pé a ṣì ń dúró dè é? Èéfín yìí náà ni. Kò ní í dáwọ́ dúró níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà níbí."

"Máa lọ, Lyle. Èmi nìkan á dúró."

"Kí n fi yín sílẹ̀ sínú yìnyín? Màmá mi ò ní í gbà mí sílé."

Ó mú àáké, ó jáde. Ó gé ẹ̀ka igi tútù wálé, ó ń kì í bọnú sítóòfù, èéfín funfun sì ki pọ̀ lókè ilé tó fi jẹ́ pé ará ìsàlẹ̀ òkè lè rí i. Yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ sórí fèrèsé. Kò pẹ́ tó fi di púpọ̀, Alden ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí àpáta náà mọ́. Lyle tún wọlé pẹ̀lú ẹ̀ka igi lápá, èédú ti kun ojú rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ láti fi í lọ́kàn balẹ̀.

Alden dì í lápá mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Pa iná yẹn, Lyle, jọ̀ọ́, èmi ni mo sọ fún Royce pé bó bá ṣì ń rí èéfín, ọlọ́pàá ò tíì lọ nìyẹn, kó má sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta yẹn."