Aago Àgbàbọ̀ Lájà Dwight Pelletier

Àṣehàn ni Dwight Pelletier máa ń fi òfin ṣe. Yìnyín iwájú ilé tí òfin ní kí kálukú kó, ibi tí ọlọ́pàá lè rí nìkan ló máa ń kó.

Nígbà tó fẹ́ ta ilé rẹ̀ kó lè kó lọ sí Florida, níbi tí òtútù kò ti ní rí i mú, òfin ìpínlẹ̀ wa, Massachusetts, dá a dúró. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó fẹ́ ta ilé gbọ́dọ̀ pe ọ̀gá panápaná wá wo àwọn aago èéfín tó wà lájà, èyí tó ń pariwo bí nǹkan bá ń jó. Bí wọ́n bá pé, tí wọn kò sì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, á fọwọ́ sí ìwé; láìsí ìwé yìí, ilé kò ṣe é tà. Ti Dwight ti di arúgbó. Ti ilé ìdáná, ó ti yọ bátìrì rẹ̀ nítorí pé kì í jẹ́ kó dín ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

Dípò kó ra tuntun, ó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Lorraine, opó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yá mi ní aago yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀la ni mò ń dá wọn padà."

"Kí ló dé tí o ò ra tìẹ?"

"Ilé tí mò ń tà? Ta ni mo fẹ́ rà á fún?"

"Ahun. Ọ̀la tí o wí náà ni o."

Kaputéènì Medeiros, ọ̀gá panápaná, dé, ó tẹ aago kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì ké. Ó fọwọ́ sí ìwé.

"Ilé yín dáa, Ọ̀gbẹ́ni Pelletier."

"Ọ̀gá, ẹ̀mí ò láàrọ̀."

Dwight fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀la dé, kò dá aago padà. Ó ní àwọn tó fẹ́ ra ilé lè tún wá wò ó. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, á ṣoni.

Ní ọ̀sán Sátidé, Lorraine gbé ẹ̀wà kaná, oorun sì gbé e lọ lórí àga. Ìkòkò gbẹ, iná ran aṣọ fèrèsé. Òórùn èéfín ló ta sí mi nímú níbi tí mo ti ń gbálẹ̀. Mo sáré lọ, mo fọ́ gíláàsì ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, mo wọ́ Lorraine jáde, ajá rẹ̀ sì tẹ̀lé wa. Títí di òní, mi ò tíì dárí ji Dwight.

Nígbà tí àwọn panápaná dé, Kaputéènì Medeiros bi Lorraine léèrè pé, "Màmá, aago yín dà?"

"Ó wà nílé àbúrò mi. Ọ̀la ló máa dá a padà."

Dwight ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé ni. Kaputéènì na ọwọ́ sí i.

"Ẹ lọ mú ìwé mi wá."

Àwọn tó fẹ́ ra ilé gbọ́, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ilé Lorraine ti jó kanlẹ̀, ló bá kó ara rẹ̀ àti ajá rẹ̀ wá sílé àbúrò rẹ̀ tó kọjú sí tèmi. Florida di àlá. Aago wà lájà Dwight lóòótọ́ báyìí, ó sì bófin mu, nítorí ẹni tó ni ín ń gbé lábẹ́ rẹ̀. Láràárọ̀ Sátidé, mo máa ń gbọ́ ohùn Lorraine láti ilé mi, bí Dwight ti ń gun àkàbà láti dán aago wò:

"Tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mi ò gbọ́."

Ẹ̀yin onílé, ẹ gbọ́ o. Nítorí ẹni tó ń sùn nínú ilé ni wọ́n ṣe ṣòfin aago èéfín, kì í ṣe nítorí ẹni tó ń wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ra tiyín, ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ má yọ bátìrì rẹ̀. Ìwé tí ọ̀gá panápaná fọwọ́ sí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n iná kò mọ̀wé kà.