Jínótáìpù Kúkì

Ìgbéraga ló dí Olúsọjí Adéògún létí. Ó ti bá dókítà ẹran ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án ní Ìgbòọrà kó tó wá sí Missouri City ní Amẹ́ríkà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa ń mú ajá wọn tọ̀ ọ́ wá, wọ́n sì ń pè é ní Dókítà. Oyè náà dùn mọ́ ọn ju orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ìlérí, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ní ajá kan tó ń jẹ́ Kúkì. Irú ajá onímú gígùn tí wọ́n fi ń da àgùntàn ni. Nígbà tí kòkòrò wọ abẹ́ awọ Kúkì, tí irun rẹ̀ ń já, bàbá àti ọmọ gbé e lọ sọ́dọ̀ Hàlímàt, dókítà ẹran.

Hàlímàt fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá náà láti fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì fún un lóògùn kankan. Ẹ jẹ́ ká mọ jínótáìpù rẹ̀ ná, ìyẹn àbùdá tí wọ́n bí mọ́ ọn. Ó dà bíi pé ọlọ́dẹ kan wà lẹ́nu ọ̀nà ọpọlọ ajá, tó ń lé oògùn kòkòrò padà. Púpọ̀ nínú irú ajá yìí ni wọn ò bí ọlọ́dẹ náà mọ́, oògùn á sì ráyè wọ ọpọlọ wọn."

Olúsọjí rẹ́rìn-ín. "Jínótáìpù kẹ̀? Ṣé Kúkì fẹ́ ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni? Pásítọ̀ á bi í bóyá AA ni àbí AS."

"Daddy, ẹ gbọ́ nǹkan tí Auntie ń sọ."

"Dákẹ́ jàre. Ta ni Dókítà nílé wa?"

Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míìn. Lọ́jọ́ kejì, Olúsọjí ra abẹ́rẹ́ kòkòrò tí wọ́n ń gún fún màlúù. Ó pe Kúkì. Ajá náà ju ìrù wá bá a. Ó dì í mọ́ àyà, ó sì gún un ní ìwọ̀n tó máa ń gún fún ajá ní Ìgbòọrà.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Kúkì ò lè dìde mọ́. Ojú rẹ̀ fọ́, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń forí gbá ògiri. Síbẹ̀, nígbàkigbà tó bá gbọ́ ohùn Olúsọjí, á wọ́ ara rẹ̀ lọ síbi ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, torí ó rò pé Olúsọjí ni yóò gba òun.

Wọ́n sáré gbé e padà sọ́dọ̀ Hàlímàt, ó sì sa gbogbo ipá rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ní abẹ́rẹ́ ikú ìrọ̀rùn ló kù, kí ẹnìkan di ajá náà mú.

Olúsọjí wo ọmọ rẹ̀. Ìlérí fà sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dì í mú. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ dì í mú níjọ́sí."

Ó dì í mú. Kúkì fi ahọ́n kan ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú. Ọjọ́ kejì ni èsì jínótáìpù dé: wọn ò bí ọlọ́dẹ náà mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, Ìlérí ò pè é ní Daddy mọ́. Láràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, Dókítà." Àgbà ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ajá kan lè má sí nínú ti èkejì, bí irun wọn tilẹ̀ jọra. Oògùn tó wo ọgọ́rùn-ún ajá sàn lè pa ẹyọ kan, ẹyọ kan yẹn sì lè jẹ́ èyí tí ọmọ yín fẹ́ràn. Bí ẹni tó mọ̀ bá ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ dúró.