Ọwọ́ Tó Mọ Àgbò

Ibi ìdíje àgbò la wà ní Strandir, ní Áísílándì. Wọ́n ti fi aṣọ di Ketill ọkọ mi lójú. Ọwọ́ lásán ló fi ń mọ àgbò tó dáa, kò sì sẹ́ni tó tó o.

Hallbera ìyá ẹ̀ dúró tì mí, ó ń pariwo kí gbogbo ayé lè gbọ́.

"Ọdún márùn-ún! Abo àgùntàn tí kò bá bí, ọ̀bẹ ló kàn án!"

"Màmá, ẹ rọra o. Ẹran mi le, eyín yín ò sì pé."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Ketill ki ọwọ́ sábẹ́ àgbò kan, ó fìka tẹ okùn tí kórópọ̀n fi so rọ̀.

"Ẹ má ra eléyìí. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú okùn ẹ̀ ti wú, ó lọ́ mọ́ra bí ekòló. Ooru ibẹ̀ ń ba àtọ̀ jẹ́."

"Kò ní àtúnṣe ni?" ni mo bi í.

"Ti àgbò ò ní. Ti èèyàn, dókítà á la ìsàlẹ̀ ikùn, á so àwọn iṣan tó wú pa. Kò ní fọwọ́ kan èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé, kò sì ní gé ọ̀nà àtọ̀. Wọ́n ní ọjọ́ náà ni màá padà sílé."

Mo sún mọ́ ọn.

"Ta ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún, Ketill?"

Kó tó dáhùn, Hallbera ti fò sókè: "Ṣebí mo ní kó o má sọ fún ẹnikẹ́ni!"

Mo tú aṣọ lójú ọkọ mi, mo nà án sí ìyá ẹ̀.

"Ẹ gbà, Màmá, ẹ fi bojú. Ọmọ yín ni ọ̀bẹ kàn."