Ọláníyọnu Gbé Àpótí WiFi Lọ sí Ìsọmọlórúkọ

Dúró ná! Ìwọ tí o ń kàwé yìí, pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, jókòó dáadáa kí o fetí sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ Ọláníyọnu ti Austell, ní ìpínlẹ̀ Georgia l'Amẹ́ríkà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-gbọ́-kọjá. Ọkùnrin náà ní ìwà kan tó burú: kò mọ bí a ti ń sọ pé "N kò mọ̀." Bí o bá bi í ní ohun tó mọ̀, á dáhùn. Bí o bá bi í ní ohun tí kò mọ̀, á dáhùn pẹ̀lú ariwo.

Ohun tó gbé e ga kò tó nǹkan. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, gbohùngbohùn pásítọ̀ dákẹ́ láàárín ìwàásù. Ọláníyọnu dìde, ó tẹ bọ́tìnì kan, ohùn sì padà. Ìjọ pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé Lásárù ló jí dìde. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Engineer, wọ́n sì fi í ṣe olórí media. Bẹ́ẹ̀, fáìlì àwọn aláìsàn ló ń tò ní ọ́fíìsì kan ní Smyrna! Orúkọ náà dùn mọ́ ọn, ó sì wú bí ìyẹ̀fun tí ìwúkàrà pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Olúwa fún òun àti Oyèrónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní ọmọ kejì, àbúrò Bíyìí. Ìyá Ọláníyọnu, Màmá Ìkirè, ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, kò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú mọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìdílé wọn, ẹnu àgbà tó dàgbà jù ni orúkọ ọmọ ti ń jáde lọ́jọ́ kẹjọ. Màmá ti gba orúkọ náà nínú àdúrà, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Orí fídíò ni yóò ti pè é, tí yóò sì súre fún ọmọ náà kí gbogbo ìjọ gbọ́.

Gbọ̀ngán tuntun tí ìjọ ní ní Covington ni wọ́n fẹ́ lò, nísàlẹ̀ ilé, nínú basement. Wọn kò tíì fa íńtánẹ́ẹ̀tì débẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Ọláníyọnu yọ àpótí WiFi ilé rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó sì fi aṣọ ọmọ wé e.

"Daddy Bíyìí, kí lẹ fẹ́ fi router ṣe?" Oyèrónkẹ́ béèrè.

"À ń gbé e lọ sí Covington. Ṣé o ò rí 5G tí wọ́n kọ sídìí orúkọ WiFi wa ni? 5G yẹn náà ló wà lórí fóònù mi. Orí mast ló ti ń wá. Ibi tí iná bá ti wà, á ṣiṣẹ́."

Hephzibah, àbúrò Oyèrónkẹ́, tó ń tún network kọ̀ǹpútà ṣe fún iléeṣẹ́ kan, pa ẹ̀rín mọ́ra. "Uncle, ẹ jọ̀ọ́ sà, orúkọ ló jọra. 5G orí fóònù ni ìran karùn-ún network tó ń ti orí mast wá. 5G ti router, ìgbì tó fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀ nínú ilé lásán ni. Ògiri méjì gan-an ń dá a lágara. Wáyà ara ògiri yẹn ló ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá fún un. Bí ẹ bá ti yọ ọ́, ó di páálí nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká dúró ní parking lot, ká fi fóònù mi pe Màmá."

"Parking lot! O fẹ́ ká sọ ọmọ mi lórúkọ láàárín mọ́tò?" Ọláníyọnu bú sẹ́rìn-ín. "Hephzi, bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Wọ mọ́tò, jàre."

"Òótọ́ ni, sà. Àkísà yín pọ̀ gan-an."

Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n mọ́tò Ọláníyọnu ti wà lórí òpópónà I-20.

Ní Covington, ó gbé àpótí náà sórí tábìlì, ó ki wáyà iná bọ ògiri. Iná rẹ̀ tàn. Orúkọ WiFi yọ lójú fóònù.

"Full bar!" Ọláníyọnu pariwo. "Ẹ yin Olúwa!"

"Halelúyà!" Ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó pe ìyá rẹ̀. Òrùka kékeré kan ń yí lójú fóònù. Pásítọ̀ Oyèkànmí gbàdúrà. Ó ń yí. Wọ́n kọ orin mẹ́ta. Ó ń yí bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù. Àwọn mìíràn wo fóònù tiwọn, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ilé náà jìn, network kankan kò wọlé.

"Engineer, ṣé kò sí nǹkan?" pásítọ̀ béèrè.

"Kò sí, sà. Ìrìn àjò ló rẹ router."

Oyèrónkẹ́ gbé ọmọ sí èjìká. "Daddy Bíyìí, ẹ jẹ́ ká jáde síta. Màmá ń dúró."

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún." Márùn-ún di àádọ́ta. Inú rẹ̀ ti mọ̀ pé òun ti ṣìnà. Ẹnu rẹ̀ ni kò gbà.

Hephzibah yọ́ gun àtẹ̀gùn lọ sí parking lot, ó sì pe Màmá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló pè é tó fi wọlé. Màmá ti wé gèlè, àwọn aládùúgbò yí i ká, wọ́n ti ń wo fóònù láti bíi wákàtí kan. Iná kò sí ní Ìkirè, bátìrì sì ti fẹ́ tán.

"Ọláníyọnu ni?"

"Hephzibah ni, mà. Ẹ dúró kí n pè wọ́n wá—"

"Fóònù yìí ń kú lọ, ọmọ mi! Gba orúkọ náà dání: Ìbùkúnolúwa. Sọ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ pé—"

Fóònù kú.

Kò sẹ́ni tó gẹṣin tí kò ní sọ̀. Hephzibah sáré wọlé, ó gun orí àga, ó kígbe: "Ìbùkúnolúwa!" Gbọ̀ngán mì tìtì. Wọ́n jó, wọ́n yí, wọ́n gbé Hephzibah sókè. Ọláníyọnu nìkan ló dúró pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́. Ẹnu ẹni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló ti gbọ́ orúkọ ọmọ ara rẹ̀. Ìre tí ìyá rẹ̀ ti fi oṣù mẹ́sàn-án kó jọ, etí kan kò gbọ́ ọ, ọjọ́ kẹjọ kì í sì í padà wá. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Màmá kò fi gbé ìpè rẹ̀. Pásítọ̀ gba media lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi Hephzibah síbẹ̀. "Brother Ọláníyọnu," ó ní, "ẹ máa bá wa to àga ná." Ó ń to àga di òní.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí: nǹkan méjì lè jẹ́ orúkọ kan kí iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Júdásì méjì ló bá Olúwa jẹun, ọ̀kan ṣoṣo ló tà á. Àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn rí ẹni tó mọ̀, kó sì fi í ṣẹlẹ́yà torí pé ó kéré lọ́jọ́ orí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Arákùnrin, arábìnrin, ohun kan wà tí ìwọ náà ń fi ariwo bò mọ́lẹ̀ báyìí. Mo fi orúkọ Jésù bẹ̀ ọ́, wá ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ, kí o sì béèrè lónìí.