Pálọ̀ Tó Gba Bàálù

Mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ to bàálù.

Gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ti dé nínú páálí. Ibi tí yóò ti tò ó ni kò sí.

Ìyàwó rẹ̀, télọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ kì í yẹ̀, fa téèpù yọ. Ó wọn pálọ̀, ó wọn ilẹ̀kùn.

"Bàbá wọn, ẹ tò ó síbí."

Ó kó àga jáde. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sí kọ́rídọ̀.

Àwọn aládùúgbò ní, "Ẹ wo obìnrin onísùúrù!"

Lónìí, ọdún méjì pé. Bàálù parí, àmọ́ kò gba ẹnu ọ̀nà kọjá.

"Ṣebí ìwọ lo wọn ilẹ̀kùn yìí?"

"Èmi ni. Mo wọ̀n ọ́n dáadáa."

Ó ká téèpù rẹ̀.

"Àkàbà lásán, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti jábọ́ lórí rẹ̀."